CR ńlá kọ́ ló ń mú ìjà gbóná

Ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n máa ń fún gbogbo ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darí eré akọni orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons: tí ẹ bá fẹ́ kí ìjà ìkẹyìn gbóná, ẹ wá ẹ̀dá abàmì tí CR rẹ̀ (Challenge Rating, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀dá kan ṣe le tó) ga jù lọ tí apá àwọn akọni lè ká, ẹ gbé e dúró sáàárín gbọ̀ngàn, kí wọ́n máa bọ̀. Ó dùn létí. Tó bá wá dé orí tábìlì, ó sábà máa ń jáni kulẹ̀.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọdún 2000 ni CR wọ inú eré náà, pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta. Bí ẹ̀dà ọdún 2014 ṣe ṣàlàyé rẹ̀ ni pé akọni mẹ́rin tí ìpele wọn bá CR ẹ̀dá kan dọ́gba, tí wọ́n ti sinmi dáadáa, tí ohun ìjà wọn sì pé, yẹ kó lè ṣẹ́gun ẹ̀dá náà láìsí pé ẹnì kankan kú. Ẹ tún un kà. Ìlérí pé gbogbo wọn á délé láyọ̀ nìyẹn! Síbẹ̀ ohun tí ọ̀pọ̀ olùdarí ń kà níbẹ̀ ni “ìjà àjàkú akátá.”

Ẹ jẹ́ ká mú ogre, òmìrán abàmì kan tí CR rẹ̀ jẹ́ 2. Nínú ìwé ọdún 2014, HP rẹ̀ (iye ìpalára tó lè fara dà kó tó ṣubú) jẹ́ 59, AC rẹ̀ (nọ́ńbà tí ẹni tó ń kọlù ú gbọ́dọ̀ dé kó tó bà á) 11, ìyẹn ni pé kò ṣòroó bà rárá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lè ju kùmọ̀ ní ìyípo kan. Tí kùmọ̀ náà bá bani, HP bíi 13 ló máa bá a lọ, èyí sì tó láti dá oṣó tó wà ní ìpele kìíní dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí kò bá wá bani ńkọ́? Ogre ti parí iṣẹ́ nìyẹn, akọni mẹ́rin á sì kọjú sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó tún kàn án. Nínú ìjà báyìí, dáìsì kan ló ń pinnu ohun gbogbo: yálà ẹnì kan ṣubú lójijì, tàbí kí ogre kú láìṣe nǹkan kan. Èmi ò rí adùn níbẹ̀.

Ẹ wá fi kobold mẹ́jọ, àwọn ẹ̀dá abàmì kéékèèké, rọ́pò rẹ̀, nínú òkùnkùn. CR ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 1/8, HP wọn 5. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, 40 ni, kò tó ti ogre. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n máa gúnni ní ìyípo kan, HP bíi 4 sì ni ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan tó bá bani ń gbà. Ó tún kù: tí ẹlẹgbẹ́ kobold kan bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó fẹ́ gún, dáìsì méjì ló máa jù, á sì mú èyí tó ga jù. Àgbájọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìwé olùdarí ọdún 2014 gan-an gbà bẹ́ẹ̀: XP ogre (àmì ìrírí tí àwọn akọni ń gbà tí wọ́n bá ṣẹ́gun) jẹ́ 450, ti kobold mẹ́jọ jẹ́ 200, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìjà ṣe le tó, ìwé náà ní kí ẹ sọ 200 yẹn di ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ nítorí pé wọ́n pọ̀. Ó di 500. (Ẹ̀dà ọdún 2024 yọ ìṣirò yìí kúrò. Ìṣirò dín kù lóòótọ́, àmọ́ ojú olùdarí gbọ́dọ̀ là sí i.) Ọ̀pọ̀ náà ní àléébù tirẹ̀ o: fireball (idán iná tó ń bú gbàmù) kan ṣoṣo lè pa gbogbo wọn.

Àwọn tó ṣe eré náà mọ ìṣòro ẹ̀dá tó dá jà. Ìdí nìyẹn tí drágónì pupa tó ti dàgbà, CR 17, fi ní legendary actions mẹ́ta: ó lè ṣe nǹkan nígbà tí ẹlòmíràn bá ṣe tirẹ̀ tán, kò ní í dúró títí ó fi kàn án. Tí títóbi nìkan bá tó ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi èyí ṣe?

Bẹ́ẹ̀ sì ni kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Shadow, òjìji abàmì tí CR rẹ̀ jẹ́ 1/2, tí HP rẹ̀ sì jẹ́ 16 nínú ìwé ọdún 2014, kì í gba HP nìkan, agbára inú iṣan ló ń fà jáde. Ẹni tí Strength rẹ̀ (nọ́ńbà agbára yẹn) bá wọ òdo, ó kú nìyẹn, bí HP rẹ̀ tilẹ̀ kù bí ilẹ̀ bí ẹní. Oṣó tí Strength rẹ̀ jẹ́ 8 lè kú ní ìfọwọ́kàn méjì péré.

Ibi tí ìjà ti wáyé náà ń sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1987, ìwé ìròyìn Dragon sọ ìtàn àwọn kobold kan tí wọ́n ń fi iná, ọfà àti ọ̀nà tóóró inú ilẹ̀ lé àwọn akọni ìpele gíga kiri. Kobold lásán ni wọ́n o.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé gbogbo ẹ̀dá ń jà títí wọ́n fi kú. Ní ọdún 1981, òfin Basic, ẹ̀dà eré náà fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀, ní nọ́ńbà morale (ìgboyà) fún ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan: tí ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn bá kú, tàbí tí ìdajì wọn bá ti ṣubú, olùdarí á ju dáìsì méjì, tí ó bá ju nọ́ńbà yẹn lọ, wọ́n á sá tàbí kí wọ́n túúbá. Ti kobold jẹ́ 6, ti egungun tó ń rìn jẹ́ 12, ìyẹn ni pé kì í sá láé. Ẹ padà sọ́dọ̀ ogre wa. Ẹ gbé ọmọ olóyè kan tí wọ́n jí gbé lé e léjìká, ẹ fún un ní kobold mẹ́rin tó máa dí ọ̀nà lẹ́yìn rẹ̀, kó sì máa sá lọ sẹ́nu afárá. CR rẹ̀ kò yí padà rárá, ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn tó wà nídìí tábìlì á ṣe máa bá ara wọn jiyàn lórí ta ni kó sáré tẹ̀ lé e.