Èmi Ni Ohtani Ilé Wa

Ìwé owó áńbúláǹsì dé lánàá. N kò ní sọ iye tó wà níbẹ̀, torí ìyàwó mi lè rí èyí kà. Ẹ sáà mọ̀ pé mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún yí i sódì, bóyá nọ́ńbà fóònù ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò ṣe mí o! Àmì-ẹ̀yẹ ló gbé mi débẹ̀, àmì-ẹ̀yẹ tí n kò tilẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà baseball lọ, eré Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, tí Ohtani ń ṣe, torí ibẹ̀ ni mo ti mọ orúkọ ohun tó ń ṣe mí.

Sáà ọdún 2022 ni mò ń wí. Tẹ́ ẹ bá wà ní Houston nígbà náà, ẹ ó rántí pé ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ni Astros, ẹgbẹ́ ìlú náà, gba World Series, ife baseball tó ga jù, mọ́ Philadelphia lọ́wọ́, ìgbà mẹ́rin sí méjì. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ilé ìwé kí àwọn ọmọ lè lọ pariwo lójú títì. Gbogbo ọ̀nà dí pa. Mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́, wọ́n gé owó mi. Bí èmi ṣe bá wọn ṣe àjọyọ̀ nìyẹn.

Ilé ìkẹ́rùsí ni ibi iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n ń pè ní warehouse. Wàhálà-háùsì ni èmi ń pè é. Ọ̀gá wa rò pé ahọ́n Áfíríkà ló ń dà mí láàmú. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkùnrin ará Cuba kan tó ń wa fọ́kílíìfùtù, ọmọ Matanzas, ìlẹ̀kẹ̀ pupa àti funfun lọ́rùn. Ọjọ́ tó gbọ́ pé Yorùbá ni mí, ó gbá mi mọ́ra bí ẹni pé Ṣàngó fúnra rẹ̀ ló rán mi sí i. Lukumí ni wọ́n ń pe irú wa lọ́dọ̀ wọn. Ó kọ orin òrìṣà kan fún mi, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀. Èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi! Mo ní, "Jẹ́ kí n bi màámi." Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, òun ló kọ́ mi ní baseball. Ti Yordan Alvarez ló ń ṣe, torí ọmọ Cuba ni, Astros ló sì ń gbá a fún. Ipò kẹta ni wọ́n fi Alvarez sí nínú ìbò MVP ọdún yẹn, ìyẹn ìbò ẹni tó wúlò jù lọ. Títí di òní, bó bá rántí, ó máa ń fi fọ́kílíìfùtù kọ lu nǹkan.

Èmi ò bá a dá sí ti ipò kẹta. Ipò kejì ló dùn mí wọ egungun.

Ẹ wò ó. Aaron Judge ti ẹgbẹ́ Yankees ní New York, géńdé tó ga ju mítà méjì lọ. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé 213.5 mílíọ̀nù dọ́là síwájú rẹ̀, ó ní kò tó. Èmi tí mo dọ̀bálẹ̀ nígbà tí wọ́n fi sẹ́ǹtì 40 kún owó wákàtí mi! Ó bá wọ pápá, ó gbá home run 62, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó fò kọjá ògiri pápá. Láti ọdún 1961 tí Roger Maris ti gbá 61, kò sí ẹni tó kọjá ibẹ̀ nínú American League, ọ̀kan nínú líìgì ńlá méjèèjì. Texas wa níbí ló ti gbá ìkejìlélọ́gọ́ta náà, ní Arlington, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹwàá. Nígbà tó fi di oṣù kejìlá, Yankees kan náà fún un ní 360 mílíọ̀nù fún ọdún 9. Mo ṣèèṣì sọ ọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Àgbà nílé. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní, "Ṣé kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ tiyín?"

Shohei Ohtani wá ńkọ́? Ọmọ Japan, ẹgbẹ́ Angels. Ó fi igi gbá home run 34. Ìyẹn nìkan tó ẹnikẹ́ni í jẹ. Ẹni yìí kan náà tún ń ju bọ́ọ̀lù. Innings 166, ìyẹn abala ìdíje, ló fi ju ú, ó lé ènìyàn 219 tó fẹ́ fi igi gbá a kúrò lásán, ó gba ìdíje 15. Iṣẹ́ méjì! Ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní alẹ́. Ó dáa, kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n máa wí, torí ara mi ni mò ń sọ.

Akọ̀ròyìn 30 ló dìbò, méjì-méjì láti ìlú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú American League. Olúkúlùkù a kọ orúkọ 10. Ẹni àkọ́kọ́ gba máàkì 14, ẹnìkejì 9, ẹnìkẹta 8, títí dé orí 1. Àwọn 28 fi Judge ṣe àkọ́kọ́, àwọn méjì fi Ohtani ṣe é. 410 sí 280. Cuba mi ní kí n má jiyàn, pé Angels pàdánù ìdíje 89 lọ́dún yẹn, ta ló ń wo ẹni tó ń ṣe dáadáa nínú ilé tó ń wó? Mo ní èmi! Èmi ni mò ń wò ó!

Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tó pa mí? Àwọn méjì tó dìbò fún Ohtani yẹn, akọ̀ròyìn ọ̀dọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n, àwọn tó ń ṣojú ìlú ẹgbẹ́ Angels. Ará ilé rẹ̀ ló rí i.

Ẹ wá gbọ́ ti ará ilé tèmi.

Màámi pé 70 lóṣù tó kọjá, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ mọ Ìjẹ̀bú, ẹ mọ ìnáwó, n kò ní ṣàlàyé. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ní a ó fún ọ̀kan nínú àwa ọmọ ní àmì-ẹ̀yẹ, "Ọmọ Tó Ṣe Bẹbẹ Jù Lọ", pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n kọ orúkọ sí lára. Àwọn méje ló dìbò lórí WhatsApp. Kò sí BVAS, kò sí aṣojú ẹgbẹ́, àṣírí ni èsì títí di ọjọ́ ìnáwó.

Ọkàn mi balẹ̀. Bàbá òyìnbó kan ni mò ń wẹ̀ fún lọ́sàn-án, wàhálà-háùsì ni mò ń lọ lálẹ́. Ọdún 9 rèé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi, èmi ni, lóṣooṣù. Owó iná, èmi ni. Páànù tí ìjì ṣí, ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga, owó ìdánwò àwọn ọmọ Bọ̀ọ̀dá, ọmọ Bọ̀ọ̀dá tó tún ìdánwò ṣe, àti ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá tí kì í bàjẹ́ àyàfi bí wọ́n bá sanwó fún mi. Àbúrò wa tó wà ní Kánádà, ọdún mẹ́ta gbáko ni kò gbé fóònù. Ó kàn jí lọ́jọ́ kan, ó gbé Toyota Camry kalẹ̀ lẹ́nu géètì, wọ́n so ríbọ́nù mọ́ ọn nímú. Home run! Bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri, gbogbo àdúgbò dìde.

Ìyà ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ rẹ̀: ẹni tí kò jẹ́ kó gbá a, ayò tí kò jẹ́ kó wọlé. Màámi kò rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, ta ló máa ya fọ́tò ìyẹn? A lè jókòó sínú Camry ya fọ́tò.

Ọjọ́ ìnáwó, wọ́n ti fi wákàtí kún iṣẹ́ wa. Agogo 9 àárọ̀ ní Houston, 3 ọ̀sán ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gba ìsinmi ìṣẹ́jú 15. Mo gbé agbádá aṣọ ẹbí mi wọ̀ lé aṣọ iṣẹ́, mo dé fìlà, mo fi fóònù ti ike omi nínú yàrá ìsinmi. Mo ti sọ fún gbogbo wọn pé wọ́n fẹ́ dá mi lọ́lá. Wọ́n ra dónọ́ọ̀tì.

Alága ìjókòó gba ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀. "Ọmọ yìí ń gbé lókè òkun!" Mo dìde. "Òógùn ojú rẹ̀ ló fi ń tọ́jú ìyá rẹ̀!" Mo tún fìlà ṣe. "Orúkọ rẹ̀ ni..." Nẹ́tíwọ̀kì dúró. Ojú alága dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ là bí ti ẹja inú yìnyín. Èmi kò dúró ní tèmi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì, mo kọ ojú sí fóònù, mo ń sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lọ ní pẹrẹu. Mo ti dé orí "ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi la iná kọjá" kí nẹ́tíwọ̀kì tó padà: "...ọmọ wa ní Kánádà!"

Ìlù dún. Ẹ̀yin èèyàn mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ dìde? Mo kúkú sùn síbẹ̀.

Ọ̀gá wa wọlé, ó rí àgbàlagbà tó dojú bolẹ̀ nínú aṣọ tó fẹ̀ bí tapólì, tí kò mira. Ó figbe ta. Cuba mi nìkan ló mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ń kígbe pé, "Moforibale! Moforibale!" pé mò ń kí àgbà ni. Wọ́n rò pé orúkọ oògùn tí mo mu ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀! Àwọn tó bá áńbúláǹsì dé tó mẹ́rìndínlógún. Ó dáa, mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ panápaná wá ní tòótọ́, n kò mọ iná tí wọ́n fẹ́ pa. Mo ní ara mi le, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dàrú máa ń wí. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ wo àyà mi. Ọ̀kan fa àlùmọ́gàjí yọ, ó nà án sí ọrùn agbádá.

Mo bú sígbe. "Ẹ má gé e! Ẹ má gé e!"

Agbádá yẹn kò gbà mí. Bùbá inú rẹ̀ fún mi lábíyá, ọrùn rẹ̀ há. Nígbà tí télọ̀ bèèrè ìwọ̀n mi, Màámi ní kí wọ́n má yọ mí lẹ́nu. Ó lọ sínú àpótí, ó mú bùbá tí mo bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú, ó ní, "Ìwọ̀n ọmọ mi nìyí." Ọdún 9. Lójú rẹ̀, bí mo ṣe rí náà ni mo ṣì rí. Bí ìwé mi ò bá tètè jáde, n kò mọ ẹni tó máa sọ fún un pé mo ti sanra, mo ti pá lórí.

Ẹ mú ojú kúrò lára mi jàre. Ata inú dónọ́ọ̀tì ni.

Wọn ò gé e, ṣùgbọ́n wọ́n gbé mi. Wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó nílé ìwòsàn nínú agbádá, ọmọdé kan ń bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá ọba ni mí. Màámi pè mí níbẹ̀. Kò dárúkọ àmì-ẹ̀yẹ rárá. Ó ní, "Dìde dúró, jẹ́ kí n wo aṣọ náà." Mo dìde. Ó ní, "Ó bá ẹ mu." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà. Ó bá mi mu gan-an ni."

Ní òtítọ́ inú mi, 62 ni 62. Bí wọ́n bá fún èmi náà ní ìbò lọ́dún yẹn, màá wo Judge, màá wo Ohtani, màá dìbò fún Judge, màá sì sunkún lọ sílé. Ohtani ò kúkú bínú: ìbò kan ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2023, ó sì kó lọ sí ẹgbẹ́ Dodgers, ó tún gba ti 2024. Èmi náà ti ń bi Àbúrò léèrè bí nǹkan ṣe rí ní Kánádà.

Lánàá, mo ya fọ́tò ìwé owó áńbúláǹsì náà, mo jù ú sí WhatsApp ẹbí, kí wọ́n lè mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ìṣẹ́jú méjì péré, ohùn Bọ̀ọ̀dá Àgbà ti wọlé:

"Àbúrò mi àtàtà. O ò sọ fún wa pé nǹkan ti ṣẹnuure tó báyìí. Ẹni tó lè wọ ọkọ̀ olówó iyebíye yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Wò ó, gíábọ́ọ̀sì Camry yẹn ti ń dún o."