Yíyọ Orí Bátìrì Kọ́ Ni Àtúnṣe Iná Ṣẹ́ẹ̀kì Ẹ́ńjìnnì

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí a ń wa ọkọ̀ ní Ìbàdàn, láti orí awakọ̀ Micra tí ó ń ná Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ títí dé orí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń wa Corolla lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi. Ìgbàgbọ́ náà ni pé iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwòrán ẹ́ńjìnnì aláwọ̀ ìyeyè tí ó máa ń tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ju ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń wọn nǹkan nínú ọkọ̀, lọ; pé gbogbo tòkúnbọ̀ ló ní in; pé bí ọkọ̀ bá ṣáà ti ń rìn, kò séwu; àti pé bí iná náà bá ń da ọlọ́kọ̀ láàmú, kí ó yọ orí bátìrì fún ìgbà díẹ̀, kí ó dá a padà, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Ohun tí kò jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí kú ni pé ó jọ òótọ́ lójú. Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Réwáyà á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á mú sípánà tẹ́ẹ̀nì, á tú nọ́ọ̀tì orí bátìrì ẹ̀gbẹ́ nẹ́gétíìfù, á fi àkísà ìnuwọ́ rẹ̀ dì í kí ó má baà fara kan irin, á sì máa bá ẹ sọ̀rọ̀ nípa owó epo títí àkókò díẹ̀ yóò fi kọjá. Lẹ́yìn náà á dè é padà, á ní kí ẹ ta ọkọ̀. Ọkọ̀ á dáhùn, ojú dáṣíbọ́ọ̀dù á sì mọ́ bí ìgbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Kútọnu. “Dádì, ẹ ò rí i bí? Sẹ́ńsọ̀ lásán ni. Ẹ wá nǹkan fún àwọn ọmọ yín.” Ta ni yóò bá a jiyàn, nígbà tí iná ti kú lójú gbogbo èèyàn?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ojú rí. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní brain box, tí ó ń ṣọ́ bí epo ṣe ń jó nínú ẹ́ńjìnnì àti irú èéfín tí ó ń gba sàléńsà jáde. Òfin ìdènà èéfín ló bí iṣẹ́ ìṣọ́ náà. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ fi dandan lé e fún àwọn ọkọ̀ ọdún 1988; nígbà tí ó di ọdún 1996, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ojú ihò oní-ẹnu 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí a ń ki síkánà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà náà kọ sílẹ̀, bọ̀; Yúróòpù sì tẹ̀lé e fún àwọn ọkọ̀ tuntun tí ń lo bẹntiróòlù lọ́dún 2001. Bí kọ̀ǹpútà yìí bá rí ohun tí kò bára mu, yóò kọ kóòdù kan sínú ìrántí rẹ̀, yóò sì tan iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó wà lójú pópó wa, bátìrì ló ń gbé ìrántí náà ró. Nígbà tí a bá yọ orí rẹ̀, àkọsílẹ̀ ni a pa rẹ́; plọ́ọ̀gì tí kò tanná dáadáa àti rọ́bà atẹ́gùn tí ó ti sán wà níbi tí wọ́n wà. Bí ẹni tí ó jẹ ìyá olóúnjẹ lówó bá pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ lára ògiri tí ìyá náà kọ ọ́ sí, gbèsè kò tíì lọ síbì kan.

Èwo wá ni ti iná tí kò padà tàn lójú ẹsẹ̀? Ibí gan-an ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń rí oúnjẹ jẹ. Wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà náà kí ó má máa pariwo lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣìṣe ni ó gbọ́dọ̀ rí nínú ìrìn méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn kí ó tó tan iná, ìrìn tí à ń wí yìí kì í sì í ṣe kí a kàn ta ọkọ̀ kí a pa á. Àwọn àyẹ̀wò kan ń fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá kí a tó ta á, kí ó gbóná dé ojú ìwọ̀n, kí ọkọ̀ sì sáré ní ìwọ̀n kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan láìdúró. Àyẹ̀wò tí ó ń wò bóyá atẹ́gùn epo ń jò láti inú táǹkì kì í tilẹ̀ wáyé bí epo bá lọ sílẹ̀ jù tàbí bí ó bá kún jù, àwa mélòó ló sì ń rọ epo kọjá ìdá mẹ́rin táǹkì láyé ìsinsìnyí? Ẹni tí ó ń ti Apata lọ sí Dùgbẹ̀ láàárọ̀, tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ nírọ̀lẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lè lo ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ pé kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ̀ ráyè parí àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ tí ó bá wá gbé ọkọ̀ sórí òpópónà márosẹ̀ lọ sí Èkó, tí ó sáré geerege kọjá Ògèrè, iná á yọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ilé epo tí ó ti rọ epo lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe pé yíyọ orí bátìrì kò wúlò nìkan, ó tún ń ba nǹkan jẹ́. Nígbà tí kóòdù wọlé, kọ̀ǹpútà kọ ipò tí ẹ́ńjìnnì wà ní ìṣẹ́jú náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀: bí ó ṣe gbóná tó, eré tí ọkọ̀ ń sá, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó. Ẹ̀rí tí mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ ń wá nìyẹn, òun náà sì lọ pẹ̀lú kóòdù. Bákan náà ni ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ nípa bí ó ṣe yẹ kí ó máa wọn epo fún ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ṣe ń parẹ́, èyí ló fà á tí àwọn ọkọ̀ kan fi ń gbọ̀n tàbí kí wọ́n máa kú ní ìdúró fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é padà. Àwọn tí wọ́n ṣe òfin ní Amẹ́ríkà mọ ọgbọ́n yìí. Nítorí náà, láti nǹkan bí àwọn ọkọ̀ ọdún 2010 ni kóòdù kan ti wà tí síkánà kò lè pa rẹ́, tí bátìrì kò sì lè pa rẹ́, àfi kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ rí i pé àṣìṣe náà ti lọ. Iná tí a tún ìdí rẹ̀ ṣe ní tòótọ́ pàápàá kò nílò sípánà: bí ìrìn mẹ́ta bá tẹ̀lé ara wọn tí àṣìṣe náà kò sì hàn mọ́, iná á kú fúnra rẹ̀.

Mo gbà pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ “sẹ́ńsọ̀ ni”. Sẹ́ńsọ̀ máa ń bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ sẹ́ńsọ̀ tí a bá rí nínú kóòdù, ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá ni, kì í ṣe ọ̀daràn dandan. Kóòdù P0171, fún àpẹẹrẹ, ń sọ pé atẹ́gùn pọ̀ ju epo lọ nínú ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Ó lè jẹ́ rọ́bà tí ó sán lẹ́yìn ibi tí a ti ń wọn atẹ́gùn, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tí ó ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ìdọ̀tí tí ó bo ojú sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn, tí fífọ̀ nìkan yóò tó fún un. Bí ẹni tí kò ṣàyẹ̀wò ṣe ń lọ sí ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate lọ ra sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn àlòkù nìyẹn, tí yóò dè é mọ́ ọkọ̀, tí iná yóò tún padà, tí yóò sì tún lọ ra òmíràn.

Gbólóhùn pé “gbogbo tòkúnbọ̀ ló ní in” pàápàá, ọwọ́ wa wà níbẹ̀. Àwọn kan ń gé catalyst, ìyẹn ẹ̀yà tí ń fọ èéfín kí ó tó jáde, kúrò lábẹ́ ọkọ̀, nítorí pé pílátínọ́ọ̀mù, pàládíọ́ọ̀mù àti ródíọ́ọ̀mù tí ó wà nínú rẹ̀ lówó lórí, wọ́n á sì jó páìpù lásán dípò rẹ̀. Kóòdù P0420 kò ní pẹ́ dé, nítorí kọ̀ǹpútà rí i pé kò sí ohun tí ń fọ èéfín mọ́. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn ń yọ tẹ́mósítáàtì, èyí tí ń ṣàkóso ooru ẹ́ńjìnnì, sọnù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, ọkọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì wá ń pẹ́ kí ó tó gbóná dé ibi tí ó yẹ, ó ń mu epo ju bí ó ti yẹ lọ, kóòdù P0128 á sì wọlé. A yọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ kúrò tán, a wá ń sọ pé bí wọ́n ṣe ń ṣe tòkúnbọ̀ nìyẹn. Àwọn kóòdù tí kò le rárá sì wà: P0455 lè má ju ìdérí táǹkì epo tí ọmọ ilé epo kò dé le lọ. Síkánà kékeré tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípa Bluetooth yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn yín kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí iná yìí ń gbà tàn tí kò fi àyè iyàn sílẹ̀, ìyẹn nígbà tí ó bá ń ṣẹ́jú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sìlíńdà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò jó epo rẹ̀, epo tútù náà sì ń ṣàn lọ sínú catalyst, níbi tí yóò ti máa jó tí yóò sì mú un gbóná títí tí inú rẹ̀ yóò fi yọ́. Ẹ rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ wá ibi dáadáa dúró sí. Lọ́pọ̀ ìgbà, kọ́ìlì tàbí plọ́ọ̀gì ni, owó kékeré ni. Bí ẹ bá wà á bẹ́ẹ̀ láti Challenge dé Òjóò, owó ńlá ni ẹ fẹ́ san.

Ibi tí ìgbàgbọ́ “bó bá ṣáà ti ń rìn” ti ń pa ẹ́ńjìnnì pátápátá ni ti àwọn iná pupa. Àwọ̀ ìyeyè ń sọ pé kí ẹ ṣe àyẹ̀wò láìpẹ́. Pupa ń sọ pé kí ẹ dúró. Iná pupa tí ó ní àwòrán ìgò ọ́ìlì, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó ń sọ pé ọ́ìlì ti dín, nítorí náà wọ́n á wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ọ́ìlì. Agbára tí pọ́ǹpù fi ń ti ọ́ìlì ni iná yẹn ń wò, kò wo bí ọ́ìlì ti pọ̀ tó. Bí ó bá tàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, irin lè ti máa ha irin nínú ẹ́ńjìnnì ní ìṣẹ́jú náà. Ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tó fa géèjì, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ wò. Camry tí à ń pè ní Muscle, pàápàá àwọn ọdún 2007 sí 2009 tí ó ní ẹ́ńjìnnì 2.4, jẹ́ ọkọ̀ tí a mọ̀ pé ó ń jó ọ́ìlì ní jẹ́jẹ́. Ọ́ìlì rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ gidigidi kí iná kankan tó tàn, nítorí náà géèjì ni kí ẹni tí ó ní in máa fà, kí ó má dúró de iná. Ti bátìrì náà ní àṣìgbọ́ tirẹ̀: iná pupa aláwòrán bátìrì sábà máa ń sọ pé alternator, ẹ̀rọ tí ń ṣe iná fún ọkọ̀, kò gbé iná wọlé mọ́, tàbí pé bẹ́líìtì rẹ̀ ti já, àwọn kan sì ti ra bátìrì tuntun nítorí rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, bẹ́líìtì kan náà ló ń yí pọ́ǹpù omi. Bí ó bá já, ooru ẹ́ńjìnnì ni ó kàn.

Àwọn iná kan náà sì wà tí kì í ṣe àìsàn, tí àwọn èèyàn ń tìtorí wọn gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ réwáyà. Àwòrán tẹmómítà aláwọ̀ búlúù kàn ń sọ pé ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná ni, bí kò bá ti pẹ́ jù. O/D OFF lórí àwọn Toyota àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ pé ọwọ́ kan bọ́tìnì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà; ọkọ̀ kò ní wọ gíà ìkẹyìn, yóò sì máa mu epo lórí eré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ padà, iná á kú. Ìwúlò rẹ̀ pọ̀ ní ìlú olókè bíi tiwa: ẹni tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó lè fi í di ọkọ̀ mú kí bíréèkì má baà gbóná jù. Bí O/D OFF yẹn bá ń ṣẹ́jú ni kí ẹ bẹ̀rù, nítorí gíà ló ń ké nígbà náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ọkọ̀, kí ó yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìta ẹ́ńjìnnì. Ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì, bátìrì, ABS (ti bíréèkì) àti èrìbáàgì gbọ́dọ̀ tàn, kí wọ́n sì kú lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, àwọn mìíràn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Èyí tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi téèpù dúdú bò ó láti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ó ki síkánà bọ̀ ọ́, kí ó wo ibi tí ó ń fi àwọn àyẹ̀wò tí ó ti parí àti èyí tí kò tíì parí hàn. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, tí olùtajà sì ń sọ pé ojoojúmọ́ ni òun ń wà á, wọ́n ti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ láìpẹ́ yìí tàbí kí bátìrì rẹ̀ ti kú tán. Kí ó ní kí àwọn méjèèjì jọ gbé ọkọ̀ náà dé Ọ̀yọ́ kí wọ́n sì gbé e padà, kí ó tún un yẹ̀ wò, kí ó tó sọ̀rọ̀ iye.