Ṣúgà kọ́ ló ń fún ológbò ní àtọ̀gbẹ

Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni pé ológbò yín ní àtọ̀gbẹ, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni: "Kí lẹ ń fún un jẹ? Ṣé bisikíìtì ni àbí mílíìkì alágolo?" Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ṣúgà ló ń fa àrùn yìí, pé bí a bá ti gba ohun dídùn lẹ́nu aláìsàn, àrùn á kúrò, àti pé ohun kíkorò ló ń lé ohun dídùn jáde lára. Mo fẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí ìgbàgbọ́ yìí lè pa ẹran tí ì bá yè.

Ológbò ò mọ adùn ṣúgà. Ní 2005, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Monell Chemical Senses Center, nílùú Philadelphia l'Amẹ́ríkà, fi hàn pé Tas1r2, ọ̀kan nínú jíìnì (àbùdá àjogúnbá) méjì tí ahọ́n fi ń mọ ohun dídùn, ti bàjẹ́ lára ológbò láti ìran àwọn baba ńlá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára táígà. Ẹ gbé omi ṣúgà àti omi lásán síwájú ológbò, kò ní fi ọ̀kan ṣe ààyò. Èyí tó ń lá áísíkíríìmù, ọ̀rá inú rẹ̀ ló ń wá. Ẹran tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé ṣúgà dùn, báwo ló ṣe máa jẹ ẹ́ débi tó máa fi di àìsàn sí i lára?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí. Páńkíríásì, ẹ̀yà ara kan tó wà nítòsí àpòlúkù, ló ń ṣe ínsúlínì, ínsúlínì ló sì ń jẹ́ kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ara kó lè di agbára. Lára ọ̀pọ̀ ológbò tó ní àtọ̀gbẹ, ínsúlínì ṣì wà níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ara ò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Páńkíríásì á máa tiraka, á máa ṣe púpọ̀ sí i, títí á fi rẹ̀ ẹ́. Ìsanrajù ló sábà máa ń dá èyí sílẹ̀. Ológbò tó yẹ kó wọn kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó wá wọn méje, tó ń sùn lórí àga láti àárọ̀ dalẹ́, òun ni kí ẹ máa ṣọ́. Akọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá ló ń ṣe jù, pàápàá bó bá ti lé lọ́mọ ọdún méje. Ní Bìrìtéènì, ó tó nǹkan bí ológbò kan nínú igba tó ní in, ó sì wọ́pọ̀ lára irú èyí tí wọ́n ń pè ní Burmese ju ti àwọn yòókù lọ. Oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù tí wọ́n fún ẹran nítorí ara yíyún tàbí àsímà náà lè dá a sílẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé kókó kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ wọn ló ń tú omi ara tó ń múni dàgbà jáde láàpọ̀jù, tí ínsúlínì ò sì ní tètè ràn lára wọn. Kò sí bisikíìtì nínú gbogbo èyí.

Mi ò sọ pé oúnjẹ ò kan ọ̀rọ̀ náà o. Ẹran ni Ọlọ́run dá ológbò láti máa jẹ, oúnjẹ gbígbẹ oníhóró tí a ń rà nínú àpò sì máa ń ní sítáàṣì púpọ̀ nínú. Èyí tó ti ní àtọ̀gbẹ, bí ẹ bá gbé e kúrò lórí oníhóró lọ sórí oúnjẹ inú agolo tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀ tí sítáàṣì ò tó nǹkan, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á rọrùn láti kápá. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń gba ínsúlínì, ẹ má ṣe yí oúnjẹ padà láìsọ fún dókítà ẹran, nítorí pé ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó tọ́ lánàá lè ti pọ̀ jù lónìí.

Jagun, ológbò àbúrò mi obìnrin ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo fi mọ bí àrùn yìí ṣe ń yọ́ wọlé. Ohun tí àbúrò mi kọ́kọ́ rí ni abọ́ omi tó ń gbẹ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni yanrìn inú àpótí tó ń tọ̀ sí: ìṣù yanrìn tútù tí kì í ju ẹyin adìẹ lọ tẹ́lẹ̀ wá ń tóbi bí ọsàn. Jagun ń jẹun, ó tún ń bẹ̀bẹ̀ fún sí i, síbẹ̀ bí èèyàn bá fọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, eegun ló máa bá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tẹlẹ̀. Orí ìka ni ológbò máa ń rìn. Bí gìgísẹ̀ bá wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́.

Ìyá wa pè láti Abẹ́òkúta. Àtọ̀gbẹ wà lára àwọn náà, ọ̀rọ̀ náà sì ká wọn lára. "Ọmọ mi, gba mílíìkì yẹn lẹ́nu ẹ̀. Dín oúnjẹ ẹ̀ kù, ó ti ń jẹ jù. Wá ewúro, kó o máa ro omi ẹ̀ sí i lẹ́nu láràárọ̀. Ṣúgà àti ewúro kì í jọ gbé."

Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, mà. Dókítà ti ní ká máa bọ̀ lọ́la, mà."

Inú rere ni ìmọ̀ràn yẹn ti wá, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì máa sọ bẹ́ẹ̀. Mílíìkì lásán kọ́ ni mo fẹ́ gbèjà. Mílíìkì máa ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ya ìgbẹ́ gbuuru, kò sì wúlò fún wọn. Ewúro àti ìfebipa ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ológbò tí ò mọ ohun dídùn mọ ohun kíkorò dáadáa. Ẹ ro nǹkan kíkorò sí i lẹ́nu, itọ́ á máa hó lẹ́nu rẹ̀, á sá fún yín, ó sì lè kọ oúnjẹ pátápátá. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ebi tó ń pa ológbò alátọ̀gbẹ kì í ṣe wọ̀bìà: ṣúgà kún inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò wọ inú ara. Bí kò bá wá jẹun mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀rá, èròjà olóró tí wọ́n ń pè ní kẹ́tóònù á kún inú ẹ̀jẹ̀, á máa bì, á dùbúlẹ̀, ó sì lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Èyí tó sanra tẹ́lẹ̀ tó wá lo ọjọ́ mélòó kan láìjẹun, ọ̀rá lè ya bo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá yẹ kó fọn, díẹ̀díẹ̀ ni, lábẹ́ ojú dókítà.

Ohun mìíràn tí ewúro ń jẹ run ni àkókò. Ní 2009, Kirsten Roomp àti Jacquie Rand gbé ìwádìí kan jáde lórí ológbò 55 tí àwọn tó ni wọ́n ń fún ní ínsúlínì glargine, tí wọ́n sì ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn nílé fúnra wọn. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn tí wọ́n mọ àrùn wọn, ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé ibi tí wọn ò nílò abẹ́rẹ́ mọ́. Nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 35 péré ni. Àrùn náà lè padà wá lọ́jọ́ iwájú, ìyẹn ò ní kí èyí má jẹ́ ìròyìn ayọ̀: páńkíríásì tí a bá tètè fún ní ìsinmi lè jí padà. Ẹni tó bá fi oṣù bíi mélòó kan dán ewúro wò ti fi àǹfààní yẹn ṣòfò.

Abẹ́rẹ́ náà ńkọ́? Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún, àwọn mìíràn tiẹ̀ ní ó sàn kí wọ́n jẹ́ kí dókítà pa ẹran náà ju kí wọ́n máa gún un lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ ínsúlínì tín-ín-rín, ó sì kúrú. Bí Jagun bá ti tẹ orí bọ abọ́ oúnjẹ, àbúrò mi á fi ìka méjì gbé awọ ẹ̀gbẹ́ ìhà rẹ̀ sókè díẹ̀, á ti abẹ́rẹ́ sábẹ́ awọ náà, á tẹ̀ ẹ́, á yọ ọ́. Jagun kì í gbórí sókè. Wákàtí méjìlá sí ara wọn ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí kò bá jẹun, ẹ pe dókítà kí ẹ tó gún un. Bí oògùn bá dà sórí irun, ẹ má tún un gún. Ẹ dúró de ìgbà tó kàn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ínsúlínì ẹranko bíi Caninsulin àti ProZinc, U-40 ni: yúníìtì 40 ló wà nínú mílílítà kan. Glargine àti èyí tí wọ́n ń tà fún èèyàn ní ilé ìtajà oògùn ní Nàìjíríà, U-100 ló sábà máa ń jẹ́. Síríńjì kálukú wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá fi síríńjì U-40 fa ínsúlínì U-100 dé ojú àmì 2, yúníìtì márùn-ún lẹ gún sí i lára, ìyẹn sì lè pa á. Ẹ ka ara ìgò, ẹ ka ara síríńjì, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ra tuntun. Inú fíríìjì ni ínsúlínì ń gbé, kì í ṣe ibi tó ń dì. Èyí tó bá ti dì yìnyín, ẹ dà á nù.

Oògùn tí wọ́n ń fún ológbò lẹ́nu náà ti wà, Bexacat láti òpin 2022 àti Senvelgo láti 2023, tó ń jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde. Kò wà fún èyí tó ti ń gba ínsúlínì, ó sì gba kí dókítà máa ṣọ́ kẹ́tóònù.

Ìbẹ̀rù máa ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ológbò sókè ní ilé ìwòsàn, nítorí náà iye tí ẹ bá rí nílé ṣe é gbọ́kàn lé jù. Etí etí rẹ̀ ni ẹ ó ti gba ẹ̀jẹ̀ bíńtín. Ẹ lo ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ẹranko, nítorí ti èèyàn sábà máa ń ka iye tó kéré sí òótọ́. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà lè gbé ẹran rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta.

Kí oyin má sì wọ́n nínú ilé yín. Bí ínsúlínì bá pọ̀ ju oúnjẹ lọ, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀: ológbò á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ojú rẹ̀ á wà bákan, gìrì lè gbé e. Ẹ fi oyin tàbí gúlúkóòsì pa á ní erìgì lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dà á sí i lọ́fun, bí gìrì bá sì ń gbé e, ẹ ṣọ́ra kó má gé yín jẹ. Bó bá ti lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un lóúnjẹ, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà bó tiẹ̀ ti dìde tó ń rìn, torí pé oyin á tán lára rẹ̀ kí ínsúlínì tó tán. Ẹ má gún abẹ́rẹ́ tó kàn títí dókítà á fi sọ iye tí ẹ máa gún.