Ẹ má pe ẹ̀yìn dídùn ní ọ̀lẹ

Ọdún kẹrin rèé tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí. Ní Èkìtì níbí, obìnrin tí kò lè gún iyán délẹ̀, ẹ mọ ojú tí wọ́n fi ń wò ó. Ìyá ọkọ mi kò sọ̀rọ̀ burúkú sí mi rí o. Wọ́n kàn máa ń gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi ni: "Ìyàwó mi, lọ jókòó." Ohùn yẹn máa ń dùn mí ju ẹ̀yìn lọ. Kò sí egbò, ara ò wú. Kí ni kí n fi hàn wọ́n?

Mo gba ilé kẹ́mísì lọ. Hóró oògùn márùn-ún nínú ọ̀rá kékeré, kò sí orúkọ lára ìkankan. Mo lò ó, mo ń padà lọ rà á, mo gún iyán, mo tún jó níbi òkú àgbà! Nígbà tó di oṣù kẹta, ojú mi wú rọ̀dọ̀, inú ń ta mí bíi pé wọ́n fi ata rẹ́ ẹ. Àwọn ará ilé ní mo ń sanra. Dókítà ní ó jọ pé sítẹ́rọ́ìdì, oògùn líle tó lè mú ojú wú, wà níbẹ̀, àti pé oògùn apàrora bíi díkílófẹ́nákì, tí a bá sọ ọ́ di oúnjẹ, a máa dá egbò síkùn, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́.

Òun náà ló là mí lóye pé ìrora tó bá ti kọjá oṣù 3 yàtọ̀ sí ti ọgbẹ́ tuntun. Ọgbẹ́ lè ti jinná, kí iṣan tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ ṣì máa pariwo, bí ajá tó ń gbó lẹ́yìn tí olè ti lọ. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Àìsùn àti ìrònú sì ń bù kún un. Ọ̀sẹ̀ tí owó iléèwé bá pé, ẹ̀yìn mi máa ń mọ̀.

(Ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dá dúró mọ́, ẹ má kà á tán, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ.)

Mo lọ wẹ̀ ní Ìkọ̀gọ̀sì. Omi gbígbóná yẹn tuni lára, mi ò ní purọ́, àmọ́ kí n tó padà dé Adó, ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni ìrìn. Oṣù méjì ni mo ti fi dùbúlẹ̀, mo rò pé ìsinmi ni, àṣé mo ń jẹ́ kó gan sí i ni. Físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, ní kí n máa fi ìṣẹ́jú 10 rìn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, ní Èkìtì! Pápá iléèwé ni mo padà rí. Ó ti di ìṣẹ́jú 30 báyìí.

Ìrora ò tíì lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo gún iyán, mo sinmi lẹ́ẹ̀mejì láàárín. Ìyá ọkọ mi wò mí, wọ́n fa àpótí sún mọ́ mi, wọn ò gba ọmọ odó.