Inverter ńlá kọ́ ló ń mú kí iná sólà mọ́jú

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn lórí WhatsApp pé ẹni tó bá fẹ́ kí iná sólà òun mọ́jú, kó ra inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di irú iná tí ohun èlò ilé ń lò) 5kVA dípò 1.5kVA. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, owó ńlá ló sì ń gbé sọnù.

Ẹrù tí inverter lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ni kVA ń sọ. Bátìrì ló ń pinnu wákàtí. Ẹ wo bátìrì olómi 12V, 200Ah tó wọ́pọ̀ nílé wa: 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400 watt-hour, ìyẹn iye iná tó lè gbà sínú. Ṣùgbọ́n kò yẹ ká lò ó kọjá ìdajì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ bàjẹ́. Ó ku 1,200. Bí fáànù, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù bá jọ ń jẹ 240 watt, wákàtí márùn-ún ni, kò tilẹ̀ ní pé bẹ́ẹ̀, torí inverter náà ń jẹ tirẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù: inverter ńlá sábà máa ń jẹ ju kékeré lọ, bí ẹ ò tilẹ̀ tan nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ 5kVA sì ń béèrè 48V, ìyẹn bátìrì 12V mẹ́rin.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ watt ohun kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń lò lálẹ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po iye wákàtí tí ẹ máa fi lò ó, kí ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bátìrì tó lè gbé iye yẹn, àti páńẹ́lì tó lè mú un kún lọ́sàn-án, ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé.