Àwọn méjì tí a so pọ̀ ló ń mú ìwé ìfẹ́ gbóná

Ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ifẹ̀ àti Iléṣà ń kọ sórí fóònù, tí wọ́n ń gbé jáde ní apá-apá lórí WhatsApp, kì í pẹ́ kú. Òǹkàwé á ka apá kìíní, á ka ìkejì, tó bá di ìkẹrin kò ní béèrè ìyókù mọ́. Òǹkọ̀wé á rò pé ìran orí ibùsùn ni kò tíì gbóná tó, á tún wa iná sí i. Èrò ọkàn mi ni pé ibẹ̀ kọ́ ni àìsàn náà wà. Àwọn méjì tí ó so pọ̀ kò nílò ara wọn, wọn kò sì lè ṣe ara wọn ní nǹkan kan. Ìhòòhò ẹni méjì tí àyà òǹkàwé kò já fún kò lè mú ọkàn ẹnikẹ́ni sáré.

Ẹ wo ọkùnrin tó pọ̀ jù nínú àwọn ìtàn yìí. Ọmọ olówó Èkó ni, ọmọ ọdún 28, ó ga, jíìpù rẹ̀ ń dán, kì í rẹ́rìn-ín. Kí ló ń tà? Òǹkọ̀wé kò sọ. Ta ló ń bẹ̀rù? Kò bẹ̀rù ẹnì kankan. Obìnrin tí wọ́n wá fún un jẹ́ arẹwà, aláìní, onísùúrù, ẹkún sì ti mọ́ ọn lára. Ọkùnrin ní gbogbo nǹkan, obìnrin kò ní ohun kan ṣoṣo tó lè fi dù ú. Kò wá sí ohun tó kù ju pé kí ọkùnrin pàṣẹ kí obìnrin gbà. Irú ìyẹn lè gbé apá méjì. Kò lè gbé 40.

A mọ ibi tí ọkùnrin náà ti wá. Mills & Boon, iléeṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ìfẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London ní 1908, àti Harlequin ti Kánádà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1949 tó sì ra Mills & Boon ní 1971, ni wọ́n kó olówó ilẹ̀ Gíríìsì, dókítà agbéraga àti ọmọ ọba inú aṣálẹ̀ wọ inú báàgì akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilẹ̀ wa. Mi ò bú wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ níbẹ̀ mọ ohun kan tí àwa tó ń dà á kọ gbàgbé: olówó wọn máa ń ṣaláìní nǹkan kan tí owó kò lè rà, ọwọ́ obìnrin yẹn gan-an ni nǹkan náà sì máa ń wà. Ó lè jẹ́ ìpín nínú iléeṣẹ́ ìdílé ọkùnrin tí obìnrin náà jogún. Ó lè jẹ́ ọmọ òrukàn tí obìnrin náà ń tọ́. Àwa mú jíìpù, a fi àìní sílẹ̀.

Kí ènìyàn tó kọ ìlà kan, mo fẹ́ kó dáhùn nǹkan mẹ́ta. Kí ni ọkùnrin yìí ń wá tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí nìkan ló wà? Ẹwà kì í ṣe ìdáhùn, àwọn arẹwà kún Lágere ní Ifẹ̀. Kí ni obìnrin yìí máa pàdánù lọ́jọ́ tó bá gbà fún un? Àti pé, bí wọ́n bá bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣé ìjà wọn á parí? Bó bá máa parí, àṣìgbọ́ lásán ni wọ́n fi ń fa ìtàn náà gùn, òǹkàwé á sì máa pariwo mọ́ fóònù rẹ̀ pé "ẹ ṣáà pè é!" Ìbéèrè kẹta yìí ló ń pa ìtàn jù.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ mú òṣómàáàló. Láyé ọjọ́un, àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà yìí a máa gbé aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá, ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á lóṣòó síwájú ilé onígbèsè títí owó á fi jáde. Fi ọ̀kan nínú wọn sí nǹkan bí ọdún 1950, ọmọ ọdún 30. Ọ̀gá rẹ̀ ló ni aṣọ, bí kò bá rí owó yìí gbà, iṣẹ́ ọdún kan lọ nìyẹn. Fi obìnrin ọmọ ọdún 27 síwájú rẹ̀, opó aláró tí ọkọ rẹ̀ kú fi gbèsè sílẹ̀ fún. Ọkùnrin kò lè kúrò, obìnrin kò lè lé e. Omi tí ọkùnrin máa mu, inú àmù obìnrin ló wà. Ọwọ́ obìnrin tí aró ti pa dé ìgbọ̀nwọ́ ni ọkùnrin ń wò látàárọ̀ dalẹ́. Gbogbo àdúgbò sì ń wo àwọn méjèèjì. Wọn kò tíì fi ọwọ́ kan ara wọn, ìtàn ti gbóná.

Ibi tí irú èyí ti máa ń bàjẹ́ ni kí ọkùnrin fa gbèsè náà ya nítorí pé wọ́n sùn pọ̀. Ara obìnrin di owó nìyẹn, òǹkàwé tó bá lójú àánú á sì pa ìwé dé. Gbèsè gbọ́dọ̀ tán kí ọwọ́ ọkùnrin tó kan ìró rẹ̀. Kí obìnrin ka owó fún un níṣojú ẹlẹ́rìí, kó ní kó máa lọ ilé rẹ̀. Kí ọkùnrin di ẹrù, kó rìn dé ẹ̀yìn odi, kó wá ṣẹ́rí padà láìní ẹ̀tọ́ kankan mọ́. Ìpadàbọ̀ yẹn ni ìwé náà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1997, tó tún bẹ́ ní 2000, jó ilé, ó pa ènìyàn, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ tí àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀ sì ti wà nídìí rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà ti kọjá 30 báyìí, ó sì rántí. Jẹ́ kí obìnrin jẹ́ ọmọ onílẹ̀ ní Ifẹ̀, agbẹjọ́rò, kí ọkùnrin jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ kòkó ní Modákẹ́kẹ́, awọnlẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ilẹ̀ sọ́wọ́ obìnrin, kí ọkùnrin má baà tún jẹ́ ẹni tó ní ohun gbogbo. Oko kan ṣoṣo ló pàdé wọn: ọkùnrin ló ń wọn ọ́n, obìnrin ló ń gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Kò sí ìpè fóònù tó lè parí ìyẹn, nítorí bàbá méjì ló jókòó ti oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú orúkọ òkú lẹ́nu. Ìkìlọ̀ kan wà o: òǹkọ̀wé kò gbọdọ̀ sọ ìlú kan di ìlú ìkà. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àgbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó fi ìlú méjèèjì sílẹ̀, ọgbẹ́ náà kò tíì jinná tó ohun tí à ń fi ṣe ọ̀ṣọ́.

Olùkọ́ fásitì àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ lọ́wọ́? Mi ò ní kà á. Máàkì ni akẹ́kọ̀ọ́ máa san fún "rárá" rẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ẹni tí kò lè sọ "rárá" kò sì ní ooru kankan nínú. So olùkọ́ méjì tó ń du ipò kan pọ̀, ó tó. Dókítà àti nọ́ọ̀sì nílé ìwòsàn ní Iléṣà náà dára, bí nọ́ọ̀sì bá ti lo ọdún mẹ́wàá ní wọ́ọ̀dù tí dókítà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìwé ìfẹ́ kékeré kì í sábà ju nǹkan bí 50,000 ọ̀rọ̀ lọ. Ní orí fóònù, ìyẹn jẹ́ apá 40 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí 1,250 ọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ti pàdé kí apá kejì tó parí. Ìfẹnukonu àkọ́kọ́ lè wà ní apá 12 tàbí 13, ibùsùn ní nǹkan bí apá 20, ìpínyà ní apá 30 sí 32. Ìdí tí mo fi fi ibùsùn sí àárín ni pé ó gbọ́dọ̀ bí wàhálà tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, wàhálà náà sì nílò àyè láti dàgbà. Ẹni tó gbé e sí apá kẹta ti jẹ owó tí kò tíì pa. Ìran gbígbóná mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó fún gbogbo ìwé. Ọ̀nà tí a fi ń dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò rọrùn: yọ ọ́ kúrò, kí o ka apá tó tẹ̀ lé e. Bí apá yẹn bá dúró láìyí ìlà kan padà, ìran náà kò ṣe nǹkan kan, pa á rẹ́.

Nínú ìran náà fúnra rẹ̀, ìkánjú ló ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìró kò ní síìpù. Ó ń tú ni, ó sì ń fún ẹni tó ró o ní àyè láti di etí rẹ̀ mú kó ní "dúró ná." Gèlè wúwo, òfì wúwo, okùn ṣòkòtò lè ta kókó. Ẹ lo àkókò yẹn. Ẹ jẹ́ kí obìnrin sọ ohun tó fẹ́ lẹ́nu ara rẹ̀, kí ọkùnrin béèrè, kí ó dúró gbọ́ ìdáhùn. Bó bá jẹ́ ìtàn òde òní, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù sí i ní ìlà kan, kò pa ooru. Kí àwọn méjèèjì jẹ́ àgbàlagbà tó ti ń jẹ iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn.

Ohun èlò kan wà lọ́wọ́ wa tí àwọn tó ń kọ ní gẹ̀ẹ́sì kò ní: bí ẹni méjì ṣe ń pe ara wọn. Awọnlẹ̀ àti agbẹjọ́rò wa á máa ṣe "ẹ" sí ara wọn, "ẹ káàárọ̀ mà, ẹ wá buwọ́ lù ú." Ọjọ́ tí obìnrin bá kọ́kọ́ sọ pé "o ti jẹun?" ni òǹkàwé gidi á dìde jókòó. Oríkì tún ju ìyẹn lọ. Ọkùnrin tó pe obìnrin ní Àṣàkẹ́ ní apá kejì ti ná gbogbo owó rẹ̀ tán lọ́jọ́ ọjà àkọ́kọ́. Kó jẹ́ pé ẹnu ìyá obìnrin ló ti gbọ́ ọ, kó pa á mọ́ra, kó wá jáde lẹ́nu rẹ̀ ní àárín òru, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn bàbá wa mọ iṣẹ́ sùúrù yìí. Alárinà á máa lọ á máa bọ̀, ó lè pẹ́ gan-an kí ọmọbìnrin tó ṣíhùn, bí ojú bá sì mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Nínú ìtàn wa lónìí, ọ̀rẹ́ obìnrin ni alárinà, kì í sì í yẹ̀ba. Apá 25 ló dé, ó ṣì ń sọ ohun tí ọkùnrin ní lọ́kàn fún un. Ẹ wá iṣẹ́ míì fún un tàbí kí ẹ jẹ́ kó rìnrìn àjò.

Àwọn kan á ní ìwé ìfẹ́ gbígbóná kì í ṣe tiwa. Ní 1929 sí 1930, ìwé ìròyìn Akéde Èkó ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, obìnrin ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ, jáde, Isaac Thomas olóòtú rẹ̀ ló ń kọ ọ́, àwọn òǹkàwé sì ń dúró dè é. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ìtàn yẹn ṣe, ìrònúpìwàdà ló gbà jáde, nítorí náà kì í ṣe ìwé ìfẹ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ìgbádùn tó wà nínú kíkà nípa ìfẹ́kùúfẹ̀ẹ́ ní èdè wa ti lé ní 90 ọdún.

Ibi ìparí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń ṣubú. Ìwé ìfẹ́ gbọ́dọ̀ parí sí ayọ̀, àdéhùn wa pẹ̀lú òǹkàwé nìyẹn, ṣùgbọ́n òdòdó àti "má bínú" lórí fóònù kò tó san ìpínyà apá 31. Ibi tí ọkùnrin ti ṣẹ̀ ẹ́ ni kó ti bẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ àárín ọjà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà ló ti sẹ́ obìnrin náà pé òun kò mọ̀ ọ́n rí, kò gbọdọ̀ jẹ́ inú yàrá ni yóò ti dọ̀bálẹ̀. Kó lọ sójú ọjà yẹn, lọ́jọ́ tí ọjà kún, níwájú àwọn ìyá aláṣọ kan náà tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Kí obìnrin má sì tètè dáhùn.