Ẹ jẹ́ kí dókítà ẹbí kọ́ṣẹ́ láàárín ẹbí

Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ìyá àgbà láti Ìta Fàájì àti Ìsàlẹ̀ Èkó ti ń tò sí ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ní Ọ̀dàn. Àìsàn ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì le. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ìtọ̀ ṣúgà ni, oògùn tó tán nílé ni wọ́n wá gbà. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé wà nítòsí wọn, àmọ́ bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò yà síbẹ̀, wọ́n á ní kò sí dókítà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni.

Dókítà ẹbí ni wọ́n ń wá. Àwọn kan máa ń rò pé dókítà tí kò rí ẹ̀ka gidi tó máa kọ́ ló ń di dókítà ẹbí. Irọ́ ni. Lẹ́yìn ọdún 6 ní yunifásítì, ọdún 1 háósì jọ́ọ̀bù, ìyẹn iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá ní ọsibítù, àti ọdún 1 àgùnbánirọ̀, ó tún ń lò tó ọdún 4 kó tó yege. Òun ló yẹ kó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa bàbá ti ń yọjú lára àkọ́bí, pé inú yàrá tí wọ́n ti ń dáná ni ọmọ tó ń wúkọ́ lóru ń sùn sí, pé ìyá tó ní orí ń fọ́ òun kò tíì fojú kan oorun látọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti jóná.

Níbo ló ti ń kọ́ èyí? Èkó ni kọ́lẹ́ẹ̀jì méjèèjì tó ń ṣe ìdánwò fún wọn wà, ọ̀kan ní Ìjànikin, èkejì ní Yábàá. Síbẹ̀, inú ọsibítù ńlá ni wọ́n ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún ìkọ́ṣẹ́ wọn. Àìsàn tó ti wọra ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn níbẹ̀. Bí nǹkan bá rú wọn lójú, ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò jìnnà, ọ̀gá náà wà nítòsí. Ẹ wá gbé irú dókítà bẹ́ẹ̀ lọ sí Mákòkó, á dà bí ẹni tó kọ́ ọkọ̀ títù lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Èkó ò ṣàìmọ ọ̀nà tó dára ju èyí lọ o. Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, nígbà tó ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí Àràbà, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní Gbájà, ní Sùúrùlérè, láti máa yẹ ọmọ wò kí wọ́n sì tọ́jú àrùn tó wọ́pọ̀ fúnra wọn. Àdúgbò ni wọ́n ti kọ́ wọn, torí àdúgbò ni wọ́n ti fẹ́ lò wọ́n. Ó dùn wá pé nígbà tó kan dókítà, a pa ọgbọ́n yẹn tì.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó ni pé kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà ẹbí lo ọdún 1 gbáko, ó kéré tán, ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan ṣoṣo, kí ọ̀gá rẹ̀ máa wá bá a jókòó níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí fáìlì ìdílé kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti ọ̀kan ní Mushin bẹ̀rẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 ti ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọ àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú ìtọ́jú yìí. Ìyẹn lè ra oògùn, ó lè tún ilé ṣe. Owó oṣù àwọn ọ̀gá tó máa kọ́ni ni kí Aláùsá wá.

Wọ́n á ní bí a bá kọ́ wọn tán, wọ́n á jápa. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí dókítà ṣe ní Mushin kọ́ ló ń bá a wọ bàálù. Nọ́ọ̀sì tó bá a ṣiṣẹ́ ti mọ ìgbà tó yẹ kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yí padà, fáìlì ìdílé sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Àìsí iná, àìsí omi, àìsí ibi tí dókítà máa sùn bí ilẹ̀ bá ṣú, ìwọ̀nyí náà wà lára ohun tó ń lé wọn, ìjọba sì lágbára lórí gbogbo wọn.

Bí ìwé ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ bá dé iwájú àwọn aṣòfin, ojú ewé ètò ìlera la máa kọ́kọ́ ṣí, láti wò ó bóyá owó oṣù ọ̀gá dókítà ẹbí kan wà níbẹ̀ fún Ìsàlẹ̀ Èkó, àti ọ̀kan fún Mushin.